Òṣòó

Bàbá-bàbá mi ta aṣọ àwìn láti Iléṣà dé Ọ̀fà.
Bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
"Òṣó ni màá ló, n ò ní jókòó, n ò ní dìde,
àfi bí mo bá gbowó mi."
Ará ilé ò ráyè jáde, àlejò ò ráyè wọlé.

Èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ níwà
ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan l'Ókèsà.
Ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìlà kan; kì í ṣe ìlà ojú.
Mo ní: ẹni tó bá ṣí ìlà, kó lóṣòó tì í,
kí ọwọ́ kankan má kàn án
títí onítọ̀hún yóò fi tẹ "fi pamọ́".
Inú mi dùn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ní Tọ́sìdeè, Ìbíwùmí ṣí ìlà Bàbá Fáṣọyin,
ó wo àdírẹ́sì, ó rántí ọmọ tó wà ní ilé-ìwé,
ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Òjò ká a mọ́ Ìsọ̀nà.
Bàbá Fáṣọyin dúró níwájú Adéṣuyì,
ìwé ọsibítù ìyàwó rẹ̀ rọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé tí iná rà.
Kọ̀ǹpútà ní: Ìbíwùmí wà níbẹ̀.
Àga rẹ̀ ṣófo. Òṣòó rẹ̀ ò ṣófo.
Wákàtí méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tú gbogbo òṣòó ká.
Ọjọ́ kẹta, Adéṣuyì kọ ọ̀kẹ́ méjì náírà tí Màmá Arógundádé san;
Ìbíwùmí, tó ti ṣí ìlà kan náà ṣáájú,
tún nọ́ńbà fóònù ṣe, ó tẹ "fi pamọ́",
ti àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀.
Kò sólè. Kò sẹ́ni tó purọ́.
Rìsíìtì Màmá nìkan ló ń ké.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí i, ẹ wò ó, ẹ pẹ́ bó ṣe wù yín.
Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ ni màá bi yín:
ṣé bẹ́ ẹ ṣe bá a náà ló ṣì wà?
Bó bá rí bẹ́ẹ̀, òṣòó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tán.
Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀: "Ọwọ́ ẹlòmíràn ti débí. Ẹ tún un wò."
Ìbíwùmí kórìíra gbólóhùn yẹn. Ó ní mo ń bú òun.

Ibi tówó ti ń jáde nìkan ni mo fi òṣòó àtijọ́ sí.
Ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà á dìde fúnra rẹ̀,
torí orúnkún ló ń dun bàbá-bàbá mi
títí ó fi kú.