Iná Tó Ń Wá Ènìyàn

Ogójì pọ́n-ùn ló kù nínú agolo bisikíìtì.
Noreen Garbutt kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún gbọn agolo náà wò,
bóyá ẹyọ owó kan fara pamọ́ sábẹ́ bébà.
Àwọn tó ń yáni ní iná ní Leeds ti dá iye tiwọn:
igba pọ́n-ùn lọ́sẹ̀, fún iná kan ṣoṣo tó mọ ọrùn yí.
A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín.

Eré ogun ni, ní gbọ̀ngàn ìjọ lẹ́yìn èbúté Hull,
ọgọ́ta àga, pèpéle tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ.
Iná gígùn gbọ́dọ̀ máa rìn lójú ọ̀run,
kí ó máa wá ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù.
Ojú ọ̀run wa: aṣọ ibùsùn mẹ́rin tí a rán pọ̀,
tí a rẹ sínú aró, tí ọ̀kan kò sì gba aró.

Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.
Wilf Thackray rí òòbẹ̀ tirẹ̀ níbi tí wọ́n ń tú àlòkù mọ́tò:
ojú iná kan, pọ́n-ùn mẹ́ta.
Agolo ọ̀dà òfìfo ló fi ṣe ilé fún un,
ó kun inú rẹ̀ ní dúdú, ó dá ihò sí i nídìí,
ó ní, "Iná tí kò bá rí ibi mí, ara rẹ̀ ni yóò jó."
Bátìrì sùn sábẹ́ àga bí ajá.

Ọrùn ńkọ́?
Tymek, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló wo fáànù yàrá àlùfáà,
tó ń yíjú sọ́tùn-ún, tó ń yíjú sósì.
Ó ní, "Ọrùn nìyẹn."
A tu ìyẹ́ rẹ̀ bí adìyẹ ọdún, a de agolo mọ́ ọn,
a tàn án. Ó rìn!
Ṣùgbọ́n a kò rí apá iná náà nínú afẹ́fẹ́,
àfi òbìrí funfun kan lára aṣọ, bí àwo tó ń yọ̀.
Owó ẹ̀rọ èéfín kò sí.
Inú bí Beryl Ounsworth, ó fi ìgbálẹ̀ lu aṣọ ìkélé,
eruku ogójì ọdún dìde,
iná sì di òpó láti ilẹ̀ dé àjà.
Beryl ń sín, àwa ń pàtẹ́wọ́.

Noreen nìkan ló mirí.
"Ó ń lọ bí aago.
Ẹni tó ń wá nǹkan kì í rìn bí aago."
Fáànù ń lọ, ó ń bọ̀, kẹ́, kẹ́,
bí ìránṣẹ́ tí kò béèrè ìdí.

Wilf bá tú síkírù ọrùn rẹ̀,
ó wọ ìbọ̀wọ́ ilé ìdáná nítorí ooru, ó gbá agolo mú.
Iná lọ díẹ̀. Ó dúró.
Ó padà síbi tí kò sí nǹkankan, ó pẹ́ níbẹ̀,
ó kúrò bí ẹni tí kò fẹ́ kúrò,
ó sáré lójijì,
ó tún padà.
Ọ̀fun mi gbẹ.

Nídìí tíì ló ti sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀:
"Ọdún méjìdínláàádọ́ta sẹ́yìn, lẹ́bàá Áísílándì,
òru méjì la fi iná wá Alec Suddaby lójú omi.
Ṣé o mọ̀, o ó máa rí i ṣáá.
Ìgbì ni. Ẹyẹ ni. Fìlà ni.
Lẹ́ẹ̀kan, fìlà rẹ̀ ni."
Ó bu ṣúgà sí tíì rẹ̀.

Òru mẹ́ta la fi ṣeré.
Lóru kejì bátìrì rẹ̀wẹ̀sì, iná pọ́n bí ọsàn,
Noreen ní ó dára bẹ́ẹ̀, ogun ti sú iná pẹ̀lú.
Èmi ni mo ń lu aṣọ ìkélé, imú mi dí fún ọ̀sẹ̀ kan.
N kò rí eré náà rárá:
ọwọ́ Wilf ni mo rí, nínú ìbọ̀wọ́ tó ní àwòrán adìyẹ,
tó ń lọ, tó ń dúró.

Fáànù ti padà sí yàrá àlùfáà, ìyẹ́ rẹ̀ ti padà sára.
Ó ń yíjú sọ́tùn-ún, ó ń yíjú sósì,
kẹ́.
Kò wá ẹnikẹ́ni.