Orí Nìkan La Máa Ń Pààrọ̀

Ní Ṣómólù, lọ́dún tí ìbò bá ń bọ̀,
ilé ìtẹ̀wé kì í sùn.
Ẹ̀rọ wa dàgbà jù mí lọ.
Ará Jámánì ni, Àpápá ló gbà wọlé
kí wọ́n tó bí mi,
a sì máa wúkọ́ kó tó gbéra
bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípàdé ẹbí.

Ọ̀gá mi, Múfútàù, ní àwo irin kan
tí kì í gbà kí ẹnikẹ́ni gbé kúrò.
Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lára rẹ̀, gàdàgbà gadagba:
ÌDÀGBÀSÓKÈ.
"Ẹ fi í síbẹ̀," ló máa ń wí,
"gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá bèèrè rẹ̀."
Òótọ́ sì ni.
Oníbàárà àárọ̀ gẹ fìlà sọ́tùn-ún,
ti ọ̀sán gẹ tiẹ̀ sósì,
ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fẹ́ lábẹ́ àgbọ̀n wọn.
Orí nìkan la máa ń pààrọ̀.

Mo ti tẹ títì tí ẹsẹ̀ kankan kò tíì tẹ̀.
Mo ti tẹ ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta
sórí bébà dídán,
pẹ̀lú igi ọ̀pẹ méjì níwájú rẹ̀
àti òyìnbó kan tó ń rìn kọjá
tí a kò mọ ohun tó wá ṣe ní Bàríga.
Mo ti tẹ "Iná yóò máa tàn tọ̀sán-tòru"
lóru, lórí jẹnẹrétọ̀,
tí Ṣínà ń fi ẹnu fa dísẹ́ẹ̀lì nínú kẹ́ẹ̀gì,
tó tutọ́, tó ṣépè,
tó tún fà á.

Lọ́dún kan, ìjọba fúnra rẹ̀ gbé ìwé wá:
ètò ọlọ́dún mẹ́wàá, ojú ewé irinwó ó lé méjìlá.
Ẹ̀dà igba la tẹ̀.
Mo lè búra pé èmi nìkan ló kà á tán ní gbogbo Èkó,
torí èmi ni mo tò ó, ewé kan lẹ́yìn òmíràn.
Lójú ewé kẹtàdínlọ́gọ́rin
wọ́n ní omi ẹ̀rọ yóò dé àdúgbò wa lọ́dún karùn-ún.
Mo ká etí ewé náà.
Mo fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ọdún karùn-ún dé, ó jókòó díẹ̀, ó lọ.

Àwọn ewé tó bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ,
Ìyá Ṣèwànù tó ń dín ẹja létí ọ̀sà
ló rà wọ́n ní kílò.
Ó ní bébà náà dára, kì í tètè mu epo.
Òun nìkan ni mo gbọ́ tó yin ètò náà.

Àwọn tó wọlé kò san gbèsè wa.
Àwọn tó fìdí rẹmi, wọn ò san.
Ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ wọn sára ògiri;
òjò jò wọlé, ó wẹ méjì nù.
Ó ní, "Ọlọ́run ti dárí jì wọ́n.
Èmi kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yìn pósítà ni Àrínọlá ọmọ mi
ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.
Ó yí i padà, ó ka iwájú rẹ̀, ó ní:
"Ta ló dàgbà níbí? Kí ló lọ sókè?"
Mo wo irun mi nínú dígí.
Mo rántí owó ilé.
Mo ní kó parí ìṣirò rẹ̀.

Lánàá, tí ọ̀gá lọ kí Jímọ̀,
mo tẹ ọ̀kan láìfi orí kankan sí i:
ọ̀rọ̀ náà nìkan, àyè funfun lókè rẹ̀.
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà.
Mẹ́ruwà ti ọmọlanke rẹ̀ dé, ó dúró, ó wò ó.
Oòrùn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀,
òjìji orí rẹ̀ bọ́ sínú àyè yẹn, ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́.
Kò kíyè sí i.
Ó ní mo ṣì jẹ òun ní kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta.