Gbèsè Ìràwọ̀

Ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan lọ́nà Ìmọ̀, n'Íléṣà,
wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú àgọ́ dúdú kan,
ó wú bíi búrẹ́dì inú ààrò.
A bẹ̀rẹ̀ wọlé bí ẹni ń wọ ihò òkété.
Moríyìkẹ́ di etí aṣọ mi mú:
"Dádì, ṣé òru ni wọ́n rọ síbí?"

N ò tíì fèsì tí ọ̀run fi là.
Ẹ̀rọ kan tí kò ju agolo mílíìkì lọ
ló ń tu ìràwọ̀ sókè.

Tíṣà Fẹ̀yíṣará fi iná pupa tọ́ka:
"Àgùàlà rèé. Kì í ṣe ajá òṣùpá,
kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀.
Ayé kan ni, bíi tiwa,
oòrùn ló ń yá a nímọ́lẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín sínú. Onígbèsè
ló wá ń dán ju gbogbo wọn lọ yìí!

Òṣómàáló ni bàbá mi àgbà, Àjílórò.
Àgùàlà ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ẹrù aṣọ
kúrò l'Ókèsà, kí ìrì tó gbẹ lójú ọ̀nà.
Á rìn dé ìlú tí n ò morúkọ,
á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè,
kò ní í jókòó, kò ní í mu omi wọn,
àfi bí owó aṣọ bá jáde.

Tíṣà ní ká wo ọ̀kan tó pọ́n bí ẹyinná.
Ìmọ́lẹ̀ tó bá wa lónìí, ó ní,
ti gbéra kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa;
ó ń rìn, kò yà mu omi,
ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó rán an ti kú.

Àgọ́ dákẹ́.
Ẹnìkan wúkọ́. Ọmọ kan ní òun fẹ́ tọ̀.

Ọdún kẹta tí bàbá àgbà kú,
ọkùnrin kan tọ̀ wá wá láti ọ̀nà jíjìn,
ó na owó tí wọ́n dì sínú àkísà sí ìyá mi:
"Àdìrẹ méjì. Bàbá mi ló jẹ ẹ́.
Òun náà ti lọ."
Ìyá mi ò mọ ẹni tó yẹ kó gbà á.
Ó kàn dì í mú, ó ń wò ó.

Nínú òkùnkùn yẹn, mo rí i pé mo ti tẹ́wọ́.

A jáde, oòrùn ọ̀sán gbá wa lójú.
Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ;
Ìlọ́rọ̀ ṣú látòkè délẹ̀.
Moríyìkẹ́ lóṣòó sójúde, ó gbé àgbọ̀n sókè.
"Ṣé o ò ní í wọlé wá jẹun ni?"
"Mò ń dúró."
"Kí lò ń dúró dè?"
"Tèmi ò tíì dé."