Ọpọlọ Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Ẹgbẹ́ onípákó Ìjẹ̀bú-Igbó dáwó jọ,
wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun láti òkè òkun,
ọpọlọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú àpótí kan,
ó ń hó bí òjò tó ń bọ̀ lórí igbó.
Alága Ọ̀ṣínúbi fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tuntun:
"Mẹ́jọ péré ni ti àtijọ́ ní.
Ìlọ́po mẹ́jọ la rà, ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò yá."

Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé,
àwọn oníbàárà tẹ fóònù wọn láti Ìbàdàn, láti Ṣàgámù:
ìrókò mélòó ló kù? Àfàrà ńkọ́?
Ojú ewé ń yí. Ó ń yí. Ó ṣì ń yí.
Èyí àtijọ́ tí a gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn
ìbá ti dá wọn lóhùn kí wọ́n tó ṣẹ́jú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe èmi, Rísíkátù.
Mo jókòó tì í, mo tẹ́tí sí fáànù rẹ̀.
Ọpọlọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta káwọ́ gbera,
ọ̀kan ṣoṣo ló ń làágùn.
Mo rántí ọdún tí bàbá mi ra ayùn mẹ́fà
sí ìsọ̀ ìlagi rẹ̀ l'Ókè-Àgbò,
tí Baba Ògúnlẹ̀yẹ nìkan ṣì ń kọ orúkọ igi sínú ìwé,
awò ojú ní ṣóńṣó imú.
Ayùn mẹ́fà dúró de gègé kan.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan.
Ìlú méjì ló wà nínú àpótí yẹn:
ìdajì ọpọlọ ń gbé Òkè-Sópẹ́n, ìdajì ń gbé Atíkorí,
oníkálukú pẹ̀lú àká tirẹ̀ lẹ́yìn ilé.
Ètò wa kò mọ̀.
Ó ń rán ọmọ Òkè-Sópẹ́n lọ bu iyọ̀ l'Átíkorí.

Lóru, mo pín ètò sí mẹ́jọ,
mo so mẹ́rin mọ́ ọ̀hún, mẹ́rin mọ́ ìhín,
mo ya ìwé náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀fọn jẹ mí yó.
Nígbà tó di aago mẹ́rin, ojú ewé ṣí wàì.

Alága ní, "Ṣé mo wí?"
Mi ò fèsì. Mo lọ gbé ti àtijọ́ jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ọpọlọ rẹ̀ yá ju ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tuntun lọ,
àpapọ̀ owó ìparí oṣù sì ni iṣẹ́ tí kò ṣeé pín.

Bàbá mi náà kò lé Baba Ògúnlẹ̀yẹ.
Ó ra awò ojú tuntun fún un.