Ilẹ̀kùn Apá Òsì

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Ẹtì.
Ó bá mi nídìí fèrèsé, mo ń wo yìnyín
bó ṣe ń yọ́ lórí tapólì tí mo fi bo ọkọ̀ náà.
Ẹ ní ẹ bá mi kẹ́dùn.
Ẹ ní ọkọ̀ ti kọjá àtúnṣe.
Ẹ ṣírò rẹ̀, ó di ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là,
ẹ tún yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kúrò níbẹ̀,
bí ẹni bu ọbẹ̀ fún àlejò tó tún fa ẹran yọ.

Ojú mi ò ríran tó tàná,
àmọ́ mo ka ìlà kẹfà lẹ́ẹ̀mẹta:
ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ní, ti bàjẹ́ kọjá ààlà.
Ilẹ̀kùn awakọ̀ kọ́, ọ̀gbẹ́ni.
Ilẹ̀kùn mi ni.

Ọdún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ẹja pa ní Meteghan,
Edmond ta ọkọ̀ ojú omi, ó fi ra ọkọ̀ ilẹ̀.
Yokohama ló ti ra á, láìfojú kàn án.
Oṣù méjì ló fi wà lórí òkun.
Nígbà tí a lọ gbà á ní èbúté Halifax,
ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún,
bí ọmọ ọlọ́wọ́ òsì láàrin ẹbí ọlọ́wọ́ ọ̀tún.
Edmond rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ mọ fèrèsé tí wọ́n ti ń ta kọfí
fún ẹni tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò?
Èmi ni fèrèsé yẹn máa ń kọjú sí.
Èmi ni mo ń sanwó, èmi ni mo ń gba ife,
ife tirẹ̀ dúdú, tèmi ní wàrà,
ọmọbìnrin ibẹ̀ á sì kí mi: "Awakọ̀, ó dàbọ̀ o!"
èmi tí mi ò mọ ibi tí bíréèkì wà.
Ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọkọ lọ, ọkọ̀ ló kù.
Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mo tó kọ́ ọ wà.
Láti ìgbà náà, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀,
mo ń tò sórí ìlà nínú ilé kọfí bíi gbogbo ayé,
torí kò sẹ́ni tó máa nawọ́ gbà á lápá òsì.

Ọkọ̀ agbáyìnyín ló gbá a, ní ìdájí,
níwájú ilé, níbi tó dúró sí jẹ́ẹ́.
Mo pè yín. Fèrè ń fọn sí mi létí
fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì.
Ẹni tó gbé e ní kọ̀ǹpútà ò láyè
fún ọkọ̀ tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.
Mo ní èmi náà ti lé láàádọ́rin,
ẹ̀yin sì ń rí àyè gbowó mi lóṣooṣù.
Ẹni tó ń gbowó kì í ṣìnà;
ìgbà tó bá kan sísan ni ojú ọ̀nà ń dí.

Basile ti rí ilẹ̀kùn kan ní Moncton.
Àwọ̀ ewé ni, tiwa jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run.
Ẹgbẹ̀rin dọ́là, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́.
Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dáhùn ní ìpè kan.
Gbogbo rìsíìtì wà nínú agolo bisikíìtì,
Edmond kọ déètì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ó tiẹ̀ kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí.

Ẹ wá wò ó fúnra yín.
Ẹ má gba òsì bí ẹni tó fẹ́ wakọ̀:
ẹ ó fà á, kò ní ṣí.
Ẹ gba ọ̀tún, ẹ rọra fò kọjá orí jíà,
kí ẹ jókòó síbi tí mo jókòó sí.
N óò gbé yín lọ ra kọfí.
Fèrèsé ò ṣeé yí wálẹ̀ mọ́,
ẹ ó kàn máa wo ọmọbìnrin náà látinú gíláàsì tó fọ́,
òun náà á máa wò yín.

Sọ̀wédowó yín ló wà nínú àpòòwé yìí.
Mi ò ya á.
Sítáǹbù, èmi ni mo san án.

Léontine Thimot