Òṣómàáló Lójú Òkun

Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń jí ní Iléṣà
nítorí pé bẹ́ẹ̀dì ò mì.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sùn lórí ohun tó ń mì,
nísàlẹ̀ ọkọ̀ funfun kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì,
láti Pàlẹ́mò dé Nápólì, láti Nápólì dé Pàlẹ́mò,
erékùṣù sí ilẹ̀ ńlá, ilẹ̀ ńlá sí erékùṣù,
bí abẹ́rẹ́ tó ń rán aṣọ méjì pọ̀
tí òwú rẹ̀ kò ní kókó.

Àwo ni mo ń fọ̀ níbẹ̀.
Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí kápútéènì ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò.

Lálẹ́, ọkọ̀ á la ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀,
á máa gbé tírélà mì bí pẹ́pẹ́yẹ tí ebi ń pa:
tírélà ọsàn, tírélà bíríkì,
tírélà ẹṣin méjì tí wọ́n ń yán nínú òkùnkùn.
Àwọn arúgbó á tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sáàárín àga.
Obìnrin kan wà tó máa ń bá wa lọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì,
ọkọ rẹ̀ wà ní ọsibítù lódìkejì.
Ife kọfí méjì ló máa ń rà, kì í mu ju ọ̀kan lọ.
Nígbà tó yá, ó di ife kan.
N kò béèrè.

Bàbá mi àgbà, Fápohùndà, ṣe òṣómàáló dé Ọ̀fà, dé Ìlọrin,
ẹrù aṣọ lórí, ìwé gbèsè lápò.
Bó bá dé ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, kò ní gba àga.
Òṣó ni màá ló, yóò wí, títí n ó fi gbowó mi.
Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni kóòtù rẹ̀, àwọn náà ni ọlọ́pàá.

Èmi náà, bí mo bá fọ àwo tán,
màá gòkè lọ sí ìdí ọkọ̀, níbi tí èéfín ti ń jáde,
màá lóṣòó síbẹ̀, màá dojú kọ omi dúdú.
Ẹnì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́ tiwa.
Ilésànmí. Ẹ wo orúkọ,
ẹ wo ibi tí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ń gbé.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀ jọ wọ òkun,
kì í sì í ṣe nínú ọkọ̀ tó ní àtẹ̀gùn.
Rọ́bà ni. Àádọ́rùn-ún ènìyàn. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Òkun ò mọ òṣómàáló.
Kò sá gba ẹ̀yìnkùlé,
kò bẹ̀ mí pé kí n padà wá lọ́jọ́ ọjà.
Ó kàn ń hó.

Ní báyìí, ní àárọ̀ Sátidé,
mo máa ń gun Òkèsà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.
Ó gbé àpótí fún mi, mo lóṣòó.
"Dìde níbẹ̀ yẹn," ló wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́,
"mi ò jẹ ọ́ ní kọ́bọ̀."
N kò lè sọ fún un nínú àwa méjèèjì
ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.
"Ọkọ̀ ojú omi yẹn, ṣé àga wà nínú ẹ̀?"
"Àga pupa, ìyá, ó ṣeé rọ̀gbọ̀kú."
"Iná ńkọ́?"
"Láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ máa rí i lókèèrè
bí Ẹrẹ́jà lálẹ́ Kérésì."
"Wọ́n ń fún yín lóúnjẹ?"
"Búrẹ́dì gbígbóná, ìyá. Èmi ni mò ń fọ àwo."

Ó dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ náà dákẹ́ nínú atẹ.
"Ilésànmí fẹ́ràn búrẹ́dì gbígbóná," ló wí.

Mo wo òkúta kékeré tó wà láàárín ìka rẹ̀.
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá.
Ó jẹ méjì."