Ìwé Mẹ́rin àti Ààbọ̀

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ̀ ìwé bá gúnlẹ̀ sí erékùṣù wa, létí omi Chiloé,
òjò ni í kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí Yanett tó sọ̀.
Ó na ìwé àkọsílẹ̀ sí mi, ó ní:
"Otilia, ọdún ti parí. Nínú gbogbo èyí tí o yá, èwo lo fẹ́ràn jù?
Kọ ọ́ síbí. Kọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú."
Àyè tó wà fún ìdí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ.

Ìka méjì!
Èmi tí mo fi odindi ọdún jókòó ti ààrò onígi,
tí mò ń kàwé sétí Rosamel, àbúrò mi,
ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀
bí kùrukùru ṣe ń gba etíkun lọ́wọ́ wa,
òkúta kan tẹ̀lé òkúta kan.

Èyí àkọ́kọ́ kì í tilẹ̀ ṣe ìwé ìtàn.
Ìwé ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni, epo dísù ti kun ẹ̀yìn rẹ̀,
ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le bí ìkarahun.
Mo ka ojú ewé kan, Rosamel fi ọwọ́ wá nọ́ọ̀tì;
mo ka òmíràn, ó tú páìpù.
Nínú oṣù Kẹrin, ẹ̀rọ tó ti sùn láti ìgbà ikú bàbá wa
wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jí.

Ìkejì, ti oyin ni. Rosamel sùn lọ lójú ewé kẹta.
Mo bá gbé ohùn sápò, mo ń fi ojú nìkan kà á.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí,
n kò tíì ka nǹkan kan rí tí kì í ṣe fún ẹlòmíràn:
lẹ́tà fún ìyá mi, ara ìgò oògùn fún bàbá mi,
iye tó wà lára àpò ọ̀dùnkún fún gbogbo àdúgbò.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, oyin kò ta mí.
Èmi nìkan ni mo lá a.

Ìkẹta ló dá ìjà sílẹ̀.
Obìnrin kan jí ní ìdájí, ó wọ bàtà, ó fi ilé sílẹ̀,
kò jalè, kò bínú, kò sì wẹ̀yìn.
Rosamel ní ìkà ni. Mo ní ó rẹ̀ ẹ́ ni.
Ọjọ́ méjì la fi ń gbé oúnjẹ síwájú ara wa láìsọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kẹta ó ní: "Edelmira náà... ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"
Ọdún mẹ́tàdínlógún ni orúkọ àbúrò wa kò ti wọlé yìí.

Ìkẹrin kò dára.
Mo kà á tán nítorí pé mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wá wo ààbọ̀ wàyí.
Ọkùnrin kan àti ewúrẹ́ rẹ̀ ń gun òkè yìnyín
láti lọ dá ẹ̀wù òtútù tó yá padà.
Ta ló fi ojú ewé mẹ́rìnlá tó kẹ́yìn dáná? Ọlọ́run ló mọ̀.
(Mo fura sí Baldomero.)
Rosamel ní: ó débẹ̀, ẹlẹ́wù ti kú, ó fi ẹ̀wù kọ́ ara ilẹ̀kùn.
Mo ní: ẹlẹ́wù wà láàyè, ó ní, "Máa wọ̀ ọ́, òtútù ò tíì tán."
Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ewúrẹ́ nìkan ló débẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣìnà wá sọ́dọ̀ wa,
a fún wọn ní ọ̀dùnkún gbígbóná.

Láti oṣù Kẹjọ tí àbúrò mi kò ti rí iná àtùpà mọ́,
òun ló ń kà, èmi ni mò ń gbọ́.
Á ṣí ìwé sórí itan, ì báà dorí kodò,
á fi ìka tọ́ ibi tí ojú ewé ti já, á ní: "Ibí la dé."

Bírò ti ń tutù lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ ń fọn fèrè.
Mo kọ ọ́: èyí tí kò ní ìparí.
Mo fi àyè ìdí sílẹ̀ lófìfo.
Yanett wò ó, ó wò mí. "Oṣù Keje ló yẹ kí o ti dá èyí padà."
Mo ní: "Yanett, a ò tíì kà á tán."